Lọ Béèrè Ọ̀nà Lọ́wọ́ Karvonen

Bí àlejò bá ṣìnà ní Kuhasalmi, ì báà jẹ́ láàárín ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ilé ìtajà tí kò ju ogún ìgbésẹ̀ síra wọn, ẹnìkan kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín kó sọ fún un pé, "Lọ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Karvonen." Àlejò á dúpẹ́, á rò pé wọ́n ràn án lọ́wọ́ ni. Àwa onílé la mọ̀ pé èébú ni. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Saimi Karvonen fi ń gbọ́ ọ, lẹ́bàá ìsọ̀ ẹja, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kódà níbi ìsìnkú, kò sì fún ẹnikẹ́ni lésì rí. Á kàn fa ìborùn rẹ̀ síwájú, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà orí adágún Kaitavesi tó Saimi ní gbogbo ìlú náà.

Ìlú wa wà létí adágún níhìn-ín, rélùwéè wà lódìkejì lọ́hùn-ún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ojú omi la fi ń kọjá. Bí òtútù bá dé tí omi sì dì, yìnyín di títì fún wa: kìlómítà mẹ́fà péré, nígbà tí ẹni tó bá gba orí ilẹ̀ yípo á rin ogójì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi lèèyàn lè tẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ sínú omi, tí wọ́n ń pè ní Hanhiniemi, odò kan ń ṣàn wọ inú adágún láti ìsàlẹ̀, ó sì ń jẹ yìnyín lábẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó wà lókè mọ̀. Nítorí náà, ní oṣù kìíní ọdọọdún, ẹnìkan ní láti sàmì sọ́nà. Á gbẹ́ ihò sínú yìnyín, á ri ọ̀dọ́ igi kan mọ́ ọn, á bu omi sí i nídìí kó lè dì mọ́ ibẹ̀ gbọn-in gbọn-in, á tún rin àádọ́ta ìgbésẹ̀, á ri òmíràn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé igi á délé.

Taneli Karvonen, bàbá Saimi, ló ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ojú ló fi ń ṣe é, bí bàbá tirẹ̀ ti kọ́ ọ. Òkúta ńlá kan wà nínú omi nítòsí èbúté, ó tó ilé, Ukko là ń pè é. Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí èèyàn bá wà lójú adágún lọ́nà jíjìn, tó rí ilé agogo tó jókòó sórí òkúta bíi fìlà, ọ̀nà tó dáa ló wà. Bí fìlà bá ti ṣí kúrò lórí, kó yáa padà. Bí àwọn baba ńlá wa ti sọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ọdún 1928, àrá sán pa ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó kanlẹ̀, agogo rẹ̀ méjèèjì sì yọ́. Wọ́n kọ́ tuntun. Agogo kìíní bá ọkọ̀ ojú omi dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1930. Èkejì pẹ́, oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ni rélùwéè tó gbé e dé. Wọ́n gbé agogo ọ̀hún sórí ọkọ̀ onígi tí ẹṣin ń wọ́ lórí yìnyín, wọ́n so abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Liina mọ́ ọn, Oiva Tarvainen, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, sì ń dà á bọ̀. Gbogbo ìlú dúró sétí omi pẹ̀lú orin ìyìn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dé ìsọdá Hanhiniemi, yìnyín lanu. Oiva rí ọ̀nà fò bọ́ọ́lẹ̀. Liina àti agogo kò padà wá mọ́. Títí di òní, àyè agogo méjì ló wà nínú ilé agogo wa, ẹyọ kan ló ń dún níbẹ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Taneli ní láti sọ. "Ilé agogo wà lórí òkúta. Ojú mi ni mo fi wò ó."

"Láti inú ìgò ọtí wo lo ti wò ó?" ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló tún gbé láyé lẹ́yìn ìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, nígbà tó sì ń kú lọ, gbólóhùn kan náà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé ti agogo, kò sí ọkùnrin tó fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà mọ́. Saimi, ọmọ ogún ọdún, ló gbé ọ̀pá irin ẹlẹ́nu mímú, ó sì jáde sójú adágún. Kò wo ilé agogo rárá. Ní ogún ogún ìgbésẹ̀ ló ń gún yìnyín wò kó tó gbé ẹsẹ̀ mìíràn. Ọgbọ̀n ìgbà òtútù ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ajá kan ò rin lójú ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn èèyàn ní ìgboyà ló ní. Saimi nìkan ló mọ ìdí tó fi gbẹ́kẹ̀ lé irin. Kò gba ojú bàbá rẹ̀ gbọ́. Òun náà gbà pé bàbá òun ló ṣàṣìṣe, ó sì fi ìyẹn pamọ́ sínú bí ẹni fi ẹ̀gún pamọ́ sábẹ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹta ọdún 1961, Oiva Tarvainen kan ilẹ̀kùn ilé Karvonen. Ó ti di olùkọ́ àgbà nígbà náà, Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ìlú máa pé ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́ẹ̀rùn ọdún yẹn, òun ni wọ́n sì ní kó kọ ìwé ìtàn rẹ̀. Saimi da kọfí fún un, ó gé búrẹ́dì dúdú síwájú rẹ̀. Ìyá Saimi, Màmá Eedla, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, jókòó sórí àga tó ń fì síwájú sẹ́yìn, ó ń hun ìbọ̀wọ́.

"Saimi," ni Tíṣà wí, kò tíì fọwọ́ kan kọfí, "ní ọjọ́ Ajé ni ìwé yìí ń lọ sílé ìtẹ̀wé. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi lo ti máa kà á."

"Kà á."

Ó wọ awò ojú. "Ní ọdún 1931, nítorí àìkíyèsára Taneli Karvonen, ẹni tó ń sàmì ọ̀nà orí yìnyín, agogo kejì ṣọ́ọ̀ṣì rì sínú adágún."

Ọwọ́ Màmá Eedla dúró lórí abẹ́rẹ́.

"Àìkíyèsára," ni Saimi wí.

"Mo ti fi omi là á ná. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ le ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"O ṣeun gan-an! Oiva, èébú tí wọ́n ń fẹnu bú mi, mo ti ń gbé e mì. Bí ẹni tó ń bú mi bá kú, èébú á bá a lọ. Ìwé kì í kú. Ọmọ tí wọn ò tíì bí ní ìlú yìí ló máa jókòó sí kíláàsì rẹ, tó máa ka orúkọ bàbá mi bíi ti ọ̀daràn."

"Kí ni kí n wá kọ?" ni Tíṣà béèrè. "Ṣé kí n ní agogo fúnra rẹ̀ ló bọ́ sómi? Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ igbe Liina. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìwé ó lọ. Bó o bá ní ohun tó máa yí i padà, mú un wá. Bí kò bá sí, bẹ́ẹ̀ ló máa wà."

Saimi fẹ́ fèsì. Kí ló fẹ́ sọ? Ohun tí Tíṣà kọ sínú ìwé ni òun alára ti ń rò lọ́kàn láti ọgbọ̀n ọdún. Ojú tì í, kì í ṣe nítorí bàbá rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ni.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti ba kọfí mi jẹ́," ni Màmá Eedla wí. "Ṣé kò sí ohun mìíràn nínú ìwé yẹn ni? Ṣé ọ̀rọ̀ agogo nìkan ni ìlú yìí fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe?"

Ara Tíṣà balẹ̀ díẹ̀. Ó fa àwòrán kan yọ látinú àpò rẹ̀, ó ní iwájú ìwé lòun máa fi í sí. Ìyàwó pásítọ̀ àtijọ́ kan ló jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1894 tó yà á. Adágún rèé, ìlú rèé, òkúta Ukko nìyí, ilé agogo àtijọ́ sì jókòó sórí rẹ̀ bíi fìlà gẹ́lẹ́. Saimi rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló rí yẹn. Àfi bí ẹ̀rín náà ti kú lójú rẹ̀ lójijì.

"Ilé apoògùn," ló wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ilé agogo ló wà nínú àwòrán yìí."

"Ibẹ̀ náà ló wà."

"Dìde, wá wo ojú fèrèsé."

Ilé Karvonen wà lórí ṣóńṣó ilẹ̀ kan tó kọjú sí ìlú, gbogbo etí omi ló hàn láti ibẹ̀. Tíṣà wò ó. Ilé apoògùn, aláwọ̀ ìyeyè, ló wà ní ọwọ́ òsì ilé agogo, kò fi ara sin.

"Ìyàwó pásítọ̀ ò mọ àwòrán yà nìyẹn," ni Tíṣà wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó mọ̀ ọ́n yà. Ìpìlẹ̀ òkúta ni wọ́n kọ́ ilé apoògùn sí, kò lè rìn. Kí wá ló rìn?"

Màmá Eedla ló pòṣé.

"Ilé agogo ni wọ́n sún, àb'ẹ ò mọ̀ ni? Lẹ́yìn iná. Wọ́n ní etí omi rọ̀ jù, ni wọ́n bá gbé ṣọ́ọ̀ṣì tuntun gun òkè. Orúnkún mi mọ̀ ọ́n dáadáa! Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní ìlú yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo la fi ń gun òkè yẹn tí à ń ráhùn. Ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ṣì wà nínú itẹ́ òkú nísàlẹ̀, àwọn òbí wa ń jókòó sórí rẹ̀ jẹ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n "ilé agogo" kò yí padà lẹ́nu wa. "Ilé agogo lórí òkúta" la ṣì ń wí, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan láàárín gbogbo àwa ọlọ́gbọ́n yìí tó rò ó pé ilé agogo ti àwọn baba ńlá wa kọ́ kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Èyí tí wọ́n ní kí Taneli wò náà ló wò.

"Àádọ́rin ìgbésẹ̀ péré ni wọ́n sún un," ni Tíṣà wí. "Kí ni àádọ́rin ìgbésẹ̀ fẹ́ ṣe fún ọ̀nà tó tó kìlómítà mẹ́fà?"

Saimi lọ síbi ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó fi ìka kan tì í nítòsí ìdè tó so ó mọ́ ògiri. Níbi ìdè, ilẹ̀kùn kò rìn ju ìka kan lọ. Lódìkejì, etí rẹ̀ gbá àga kan ṣubú.

"Òkúta Ukko ni ìdè," ló wí. "Hanhiniemi ni etí ilẹ̀kùn."

Ìṣirò ni Tíṣà fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ wa. Ó yé e. Ó jókòó, ó sì mu kọfí tó ti tutù tán láìmọ̀ pé òun ń mu ún. Nígbà tó yá, ó ní, "Ilẹ̀kùn ilé ìdáná nìyí, Saimi. Mi ò lè fi ilẹ̀kùn kọ ìtàn. Wọ́n á ní o fẹ́ bo bàbá rẹ láṣìírí, wọ́n á sì ní èmi náà ti gọ̀."

"Wọ bàtà tó nípọn bọ̀ lọ́la lẹ́yìn ìsìn, nígbà náà."

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ràn sórí yìnyín débi pé ojú ń ro èèyàn. Saimi gbé igi gígùn kan, irú èyí tí a fi ń sá koríko, ó rì í mọ́ àárín ìpìlẹ̀ ilé agogo àtijọ́ nínú itẹ́ òkú, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí sàréè bàbá rẹ̀. Ohun tó so sókè rẹ̀ ni kúbùsù pupa Màmá Eedla.

"Kúbùsù ìgbéyàwó mi lẹ fẹ́ fi ṣe àsíá!" ni ìyá náà ti kígbe kí wọ́n tó jáde. "Bó bá ya, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa hun òmíràn, Tíṣà ló sì máa bẹ̀rẹ̀."

Àwọn méjèèjì jáde lọ sójú adágún pẹ̀lú ọ̀pá irin, okùn, àti awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Wọ́n rìn tó wákàtí kan. Saimi mú kí kúbùsù pupa wà lórí òkúta Ukko látìgbà tí wọ́n ti gbéra, kò jẹ́ kó yẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsọdá Hanhiniemi, ó gún yìnyín, ó gún un, ó gún un, òógùn bò ó kí omi tó yọ. Ó ki ọwọ́ bọ inú ihò náà títí dé òkè ìgúnpá kí ìka rẹ̀ tó rí ìsàlẹ̀.

"Ọ̀nà bàbá ńlá mi nìyí," ló wí. "Ó gba agogo mẹ́wàá."

Ó wá kọjú sí ìlú, ó yà sí ọwọ́ òsì. Wọ́n ń rìn, ilé agogo tuntun ń sún mọ́ orí òkúta díẹ̀díẹ̀, Hanhiniemi náà ń sún mọ́ wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí fìlà bọ́ sórí, Saimi so okùn mọ́ ìbàdí, ó fi ẹnu kejì lé Tíṣà lọ́wọ́, ó sì ní kó dúró síbẹ̀. Ó dá rin ogójì ìgbésẹ̀ síwájú. Ilé agogo jókòó sórí òkúta, ó dúró déédéé. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan. Ó gún un lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi dúdú tú sí i lójú. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n: ìka mẹ́rin.

"Nínú oṣù kìíní tí bàbá mi sàmì, ó ti nípọn tó láti gba ẹṣin," ló ń pariwo sẹ́yìn. "Odò ló jẹ ẹ́ kí oṣù kẹta tó dé. Ilé agogo sì wà lórí òkúta, Oiva! Wò ó! Ó wà lórí òkúta!"

Nígbà tí Saimi padà dé ọ̀dọ̀ Tíṣà, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ti ṣí fìlà, ó ń wo igi mẹ́ta tó wà lórí Hanhiniemi.

"Níbí ni," ló wí. "Mo mọ àwọn igi yẹn. Saimi, Liina dúró. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín wò, ó kọ̀, kò fẹ́ lọ. Ìlú ti ń kọrin létí omi, ojú ń tì mí, ni mo bá nà án. Òun ló mọ̀ nínú gbogbo wa. Ọdọọdún ni mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, pé kí wọ́n má ṣe dà bíi Karvonen." Ó sunkún, kò fi pamọ́.

Saimi jókòó tì í lórí yìnyín.

"Ìwọ nà ẹṣin," ló wí nígbà tó yá. "Èmi ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kú, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, 'Saimi, ó wà lórí òkúta.' Mo ní, 'Ẹ sùn, Bàbá.' Kò béèrè ju kí n sọ pé mo gbà á gbọ́ lọ. Mo ní kó sùn." Omi ojú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ìbọ̀wọ́.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí òtútù fi lé wọn dìde. Bí wọ́n ti ń kó irin àti okùn, Tíṣà ní, "Ó dáa. Orúkọ rẹ̀ ni màá yọ kúrò pátápátá."

"O ò gbọdọ̀ yọ ọ́! Ṣé kó wá dà bíi pé kò gbé ayé? Kọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ìlú sún ilé agogo, kò sẹ́ni tó rántí sọ fún adágún. Ohun tí ìlú ní kí Taneli Karvonen wò náà ló wò. Kọ Liina náà sí i."

"Àti ẹgba?"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ, Oiva."

Ìwé jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹgba wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Tiwa lo mẹ́wàá sí i nítorí pé ìlú olórí kunkun ni wá. Inú àwọn kan ò dùn. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ṣé àwọn ni wọ́n wá di ẹ̀bi rù báyìí. Àwọn mìíràn lọ sí itẹ́ òkú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró níwájú sàréè Taneli, wọ́n ṣe bí ẹni pé òdòdó ìyá wọn làwọn wá bomi rin. Màmá Eedla ka ojú ìwé kan náà títí etí ìwé fi fẹ́ ya, ó ní Tíṣà mọ̀wé kọ díẹ̀, pé kúbùsù òun nìkan ni kò dárúkọ.

Lóṣù kejìlá, ìlú ri òpó gígùn kan tí wọ́n kùn ní pupa mọ́ ìpìlẹ̀ ilé agogo àtijọ́. Tíṣà ló bá wọn jà títí wọ́n fi gbà. Saimi kò fi iṣẹ́ ọ̀pá irin sílẹ̀ nítorí ìyẹn, irin kò purọ́ fún un rí. Ṣùgbọ́n ó ń gbójú sókè báyìí láàárín ogún ìgbésẹ̀ sí ogún ìgbésẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ó ń bu omi sídìí igi àmì kan nígbà tí Reino, awakọ̀ tó ń kó mílíìkì, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kí i. Ọkọ̀ kékeré kan dé bá wọn látọ̀nà rélùwéè, ọkùnrin kan yọ orí. Kò tíì wá sí Kuhasalmi rí. Ó ní òjò dídì ti bo àwọn àmì kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òun, ọ̀nà wo lòun máa gbà?

"Kò le rárá," ni Reino wí. "Gbé Taneli sórí òkúta, kó o máa bọ̀. Má wo ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Taneli bá ti wà lórí òkúta, o ti délé."

Saimi dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe òpó náà bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ni Taneli?" ni àlejò béèrè.

Reino nawọ́ sí Saimi. "Lọ béèrè lọ́wọ́ Karvonen," ló wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Saimi gbé garawa sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ nu ojú, ó sì nawọ́ sí ohun pupa tíńtín tó dúró ṣánṣán lórí òkúta lọ́hùn-ún.

"Bàbá mi ni," ló wí. "Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé."